Eyín ìdílé wa kì í pẹ́ lẹ́nu: ṣé à ń jogún àìsàn erìgì ni?

TíṣàÌsánlú
Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ eyín ni mo gbé wá lónìí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń fi ọbẹ̀ tẹ́ iyán kó lè rọ̀ dáadáa kí wọ́n tó gbé e mì. Eyín wọn kò jẹrà o, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Ó kàn ń mì ni, ó ń gùn sí i, títí ó fi ń bọ́ sọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo rántí jù bọ́ nígbà tí wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Àbúrò wọn obìnrin tó wà ní Mọ̀pà, bákan náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kàbà pé ọdún 41 lọ́dún yìí, eyín mẹ́rin ti lọ.

Ó ti wá kàn mí. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ẹ̀jẹ̀ máa ń wá bí mo bá ń fọ ẹnu, àlàfo sì ti là láàárín eyín iwájú mi lókè. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní, “Àǹtí ti ní èjí!” Èjí kọ́ o. Ìyá mi ní èjí, mo mọ bó ṣe rí. Wọ́n máa ń bí i mọ́ ènìyàn ni. Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Nílé, wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Àǹtí mi kan tilẹ̀ ní àfi ká lọ gbàdúrà ìdáǹdè, pé ẹnì kan nínú ìran wa ló jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ. Ìbéèrè mi rèé: ṣé òótọ́ ni pé à ń jogún un? Ṣé jíìnótáìpù ló fà á? Gbogbo wa AA ni. Mo ní ọmọ mẹ́ta, ẹni ọdún 13 ni àkọ́bí. Kí ni mo lè ṣe kí tiwọn má baà rí bẹ́ẹ̀?

ỌmọOwé_Lọ́kọ́ja
Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, kí ẹ máa fi yọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi ṣe é, ẹ̀jẹ̀ dá. Orín àtà ni ìyá mi àgbà jẹ títí wọ́n fi kú, eyín wọn pé lẹ́nu. Ìdílé kọ́, mínírà àti bisikíìtì ló ń dà wá láàmú.

Gbẹ̀dẹ̀Pààpáà
Ẹnì kan ní garéèjì sọ fún mi pé omi bátìrì máa ń mú eyín tó ń mì dúró.

Agbẹ̀bí_Mọ̀pà
@Gbẹ̀dẹ̀Pààpáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́! Ásíìdì ni omi bátìrì. Mo ti rí ètè àti ahọ́n tí ó bó bí iṣu tí a fi omi gbígbóná bó. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.

Káṣíù_Ìyàrà
Ọ̀kún o, Tíṣà. Iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, káṣíù ni mo ń gbìn báyìí. Ẹ fojú jìn mí bí mo bá pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ń bi káṣíù ní ìbéèrè nípa erìgì.

Ohun tí ẹ sọ yẹn kì í ṣe kòkòrò eyín. Inú eyín fúnra rẹ̀ ni kòkòrò eyín ń gbẹ́. Tiyín yìí, eyín le koko, ilẹ̀ tó dúró lé ló ń wó. Ìdọ̀tí kan máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín lójoojúmọ́, ó rọ̀, kòkòrò àìfojúrí ló kún inú rẹ̀. Bí a kò bá gbá a kúrò, á gan bíi símẹ́ǹtì, erìgì á wú, á pọ́n, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Níbi tó dé yẹn, bí a bá tọ́jú rẹ̀, ó ń san pátápátá. Ṣùgbọ́n bó bá kọjá ibẹ̀, erìgì á ṣí kúrò lára eyín, àpò á là sí àárín wọn, egungun tó di gbòǹgbò eyín mú á máa jẹ lọ sísàlẹ̀. Egungun tó bá ti lọ kì í sábà padà. Ẹ wo òpó tí àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ. Kí ló ń ṣe òpó? Kò sí. Ó ṣì máa ṣubú.

Ta ló wá ń jẹ egungun náà? Ibi tí ọ̀rọ̀ ìdílé ti wọlé nìyí. Kòkòrò ló dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ara wa ló ń ba egungun jẹ́ jù níbi tó ti ń bá kòkòrò jà. Ẹ mú un bí ọdẹ tí àdúgbò gbà láti máa ṣọ́nà. Olè dé. Ọdẹ kan yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, olè sá, ọdẹ padà lọ jókòó. Ọdẹ kejì kò dáwọ́ dúró, ó ń yìn ín títí ilẹ̀ fi mọ́, ọta ba ògiri, ó ba òrùlé, ó lu ìkòkò ọbẹ̀. Irú ọdẹ tí ó wà lára ẹni ni à ń jogún. A kì í jogún eyín tó ń bọ́.

Kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ lásán: àwọn oníwádìí kan lọ sí orílẹ̀-èdè Sri Lanka, sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin 480 tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko tíì. Àwọn ènìyàn yìí kì í fọ ẹnu, wọn kò sì mọ dókítà eyín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n ní 1970, wọ́n parí ní 1985. Ìdọ̀tí kún ẹnu gbogbo wọn bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn yìí sáré jẹ, 81 ni ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, 11 sì wà tí erìgì wọn wú lásán tí kò lọ síwájú rárá. Oko kan náà, ìdọ̀tí kan náà. Nítorí náà, ìyá àgbà @ỌmọOwé_Lọ́kọ́ja lè wà lára 11 yẹn o. Ìyẹn kò sọ orín àtà di oògùn fún ọmọ ẹlòmíràn.

ỌmọOwé_Lọ́kọ́ja
Ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́, Bàbá. Mo gbà. Àmọ́ iyọ̀ ńkọ́?

Káṣíù_Ìyàrà
Iyọ̀ dára, ó ń tu erìgì lára. Kò lè wọ inú àpò tó wà lábẹ́ erìgì, kò sì lè ṣí ìdọ̀tí tó ti gan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ọmọ_Bùnú
Bàbá Káṣíù, ẹ kú àlàyé. Mo wà ní Àbújá. Ilé iṣẹ́ kan wà tí èèyàn lè fi itọ́ ránṣẹ́ sí lókè òkun, wọ́n á ka jíìnì rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà inú ara tí à ń jogún lọ́dọ̀ òbí, wọ́n á sọ àìsàn tó lè ṣe é. Ṣé kò yẹ kí Àǹtí Tíṣà ṣe ìyẹn fún àwọn ọmọ kó lè tètè mọ̀? Ìdá mélòó ni wọ́n sì ń jogún gan-an?

Káṣíù_Ìyàrà
Ìbéèrè méjì nìyẹn. Èyí ìkẹyìn ni màá kọ́kọ́ mú.

Àwa tí ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó yẹ ká gbádùn ìwádìí yìí. Ní 2000, àwọn kan ní Amẹ́ríkà tẹ èsì kan jáde lórí ìbejì 117, méjì-méjì. 64 nínú wọn jẹ́ àwọn tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, tí wọ́n jọra bí ẹni wo dígí. 53 ti inú ẹyin méjì wá, tí wọ́n kàn jọ bí ọmọ ìyá. Àwọn tó jọra wọ̀nyẹn, àìsàn erìgì wọn náà jọra ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀, ó sì jọ pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì ló ti ọ̀dọ̀ òbí wá.

Ibi tí ó dùn jù nínú rẹ̀ rèé, àwọn ènìyàn kì í sì í sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wo erìgì tó kàn ń wú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí kò tíì jẹ egungun, àjogúnbá kò hàn níbẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ sìgá àti bí oníkálukú ṣe ń fọ ẹnu kúrò. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lẹ́nu Tíṣà láàárọ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ìdọ̀tí ló ń fà á. Bí ó ṣe ń yára jẹ egungun lẹ́yìn náà ni ìdílé ń dá sí.

Ọmọ_Bùnú
Ìyẹn ni pé bí ọmọ bá mẹ́ta, ọ̀kan àbọ̀ ló máa ní in? 😄

Káṣíù_Ìyàrà
Rárá, ìwọ ọmọ yìí. Ìdajì yẹn ń sọ̀rọ̀ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kì í ṣe kọ́bọ̀ tí a jù sókè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Nípa ti itọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́: tọ́jú owó rẹ. Ní 1997, ìwádìí kan so oríṣi jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní interleukin-1 pọ̀ mọ́ àìsàn erìgì tó le, lára àwọn tí kì í mu sìgá. Wọ́n sáré fi ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ń tà á. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e kò fẹnu kò. Ní 2009, àwọn ará Jámánì rí òmíràn, GLT6D1. Ibì kan tún wà lórí kúrómósómù 9, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí jíìnì tò sí, tí wọ́n ti bá pàdé nínú àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn, tí wọ́n sì tún bá nínú àìsàn erìgì. Jíìnì ọ̀hún pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì lágbára púpọ̀. Kò sí ọ̀kan tí dókítà lè wò kó sọ pé “eyín ọmọ yìí yóò bọ́”. Bí wọ́n bá sì sọ ọ́, kí ni o máa ṣe? Wàá fọ ẹnu ọmọ, wàá mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí wàá ṣe láìsí àyẹ̀wò náà nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ àyẹ̀wò ìdílé, kó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀: “Eyín ta ló bọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó jẹrà ni àbí ó ń mì?” Ọ̀fẹ́ ni.

TíṣàÌsánlú
Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Jíìnótáìpù ńkọ́?

Agbẹ̀bí_Mọ̀pà
Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn lọ́wọ́ Bàbá, a máa ń ṣàlàyé rẹ̀ ní àntínátà lójoojúmọ́. AA, AS, SS tí a ń wí yẹn, ọ̀rọ̀ èròjà pupa tó ń gbé atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni. Jíìnì inú ara ju ẹgbàáwàá lọ, ọ̀kan ṣoṣo ni ìyẹn. AA yín kò gba eyín yín, kò sì pa á lára.

Bí mo ṣe dé síbí, ẹ jẹ́ kí n fi tàwọn aláboyún kún un. Erìgì máa ń wú nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ á máa wá, nítorí omi ara tó yí padà. Wọ́n á ní “oyún kọ̀ọ̀kan, eyín kọ̀ọ̀kan”. Irọ́ ni. Ẹ máa fọ ẹnu, ẹ sì lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín pẹ̀lú oyún nínú, kò léèwọ̀.

BàbáPọ̀nyàn
Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀. Mo fa sìgá fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, páálí kan lóòjọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò wá lẹ́nu mi rí! Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìyàwó mi tí tirẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo jáwọ́ nínú rẹ̀, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní sìgá ló ń wo erìgì mi sàn, díẹ̀ ló kù kí n padà sí i. Dókítà eyín kan rẹ́rìn-ín títí. Ó ní èéfín sìgá ló ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú erìgì, kì í jẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀, kì í jẹ́ kó pọ́n, abẹ́ rẹ̀ sì ti ń jẹrà lọ. Eyín méje ni mo fi gbọ́ èyí. Bàbá tèmi kò mu sìgá rí, eyín wọn pé.

Káṣíù_Ìyàrà
Ẹ ṣeun, Bàbá Pọ̀nyàn. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń pín àìsàn yìí láti 2018, wọ́n fi bó ṣe ń yára sí i ṣe ìpele mẹ́ta. Ẹni tó bá ń fa sìgá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ti bọ́ sí ìpele tó ń sáré jù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí àyẹ̀wò ṣúgà oṣù mẹ́ta rẹ̀ bá tó ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà wà níbẹ̀. Wọn kò fi jíìnì kankan sí i. Áṣáà tí àwọn ìyá wa máa ń fi sẹ́nu náà kò dára, ó ń jẹ erìgì níbi tí wọ́n bá fi í sí.

Gbẹ̀dẹ̀Pààpáà
Ẹ máa tan ara yín. Èmi lọ fọ eyín ní ilé ìwòsàn kan ní 2019, n kò ní dárúkọ wọn. Kí n tó dé ibẹ̀, eyín mi kò mì. Bí mo ṣe jáde, ó ń mì, afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n ti fi irin họ agbára eyín mi lọ. Láti ìgbà yẹn, omi bátìrì yá jù wọ́n lọ lójú mi.

Káṣíù_Ìyàrà
Arákùnrin mi, mo gbọ́ ọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ kì í fi í padà lọ. Jẹ́ kí a jọ wò ó.

Ìdọ̀tí tó gan yẹn, bó bá pẹ́, ó máa ń so eyín pọ̀ mọ́ ara wọn bí ẹni da símẹ́ǹtì sáàárín búlọ́ọ̀kù. Egungun ti lọ lábẹ́, símẹ́ǹtì ìdọ̀tí ló ń dì wọ́n mú. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, oníkálukú eyín á dá dúró, o á wá mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Erìgì tó wú náà á rọlẹ̀, ìyẹn ni àlàfo tí o rí. Irin yẹn kò ba nǹkan kan jẹ́. Àṣírí ló tú.

Ṣùgbọ́n n kò ní dá wọn láre pátápátá, nítorí mo mọ iṣẹ́ wa. Ṣé wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àmì wọn àpò ìdí eyín rẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀? Erìgì tó dára, àpò rẹ̀ kì í ju mílímítà 1 sí 3 lọ. Tó bá ti di 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, a gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ erìgì lọ fọ gbòǹgbò. Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé eyín lè máa mì díẹ̀, pé ó sábà máa ń tún fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan? Ṣé wọ́n ní kí o padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Bí wọ́n bá kàn gbá ojú òde, tí wọ́n gba owó, tí wọ́n ní “ó dàbọ̀”, ìlàjì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, ìkà sì ni wọ́n ṣe tí wọn kò ṣàlàyé.

Gbẹ̀dẹ̀Pààpáà
Wọn kò wọn nǹkan kan o. Wọn kò sì sọ fún mi pé kí n padà wá.

Ó dáa. Mo gbọ́.

MàmáÌbejì_Kàbà
Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ìbejì ọkùnrin ni mo bí, ọdún 16. Wọn kò jọra, Táyé dúdú, Kẹ́hìndé pupa. Eyín Kẹ́hìndé funfun báláú, ó ń fọ ẹnu ju gbogbo wa lọ. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń ní eyín iwájú òun ń mì, eyín ńlá ẹ̀yìn náà ń ta á bó bá ń jẹ ẹran. Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Táyé tí kì í fọ ẹnu bí n kò bá pariwo, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ilé kẹ́míìsì pò fílájíìlì àti amọ́ksílìnì fún un fún ọjọ́ márùn-ún, ó rọlẹ̀, ó tún padà dé.

Káṣíù_Ìyàrà
Màmá Ìbejì, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ kò sọ pé eyín náà ń jẹrà. Ẹ ní eyín iwájú àti eyín ńlá tó kọ́kọ́ hù lẹ́yìn, lára ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mọ́. Irú kan wà tó máa ń mú àwọn eyín yẹn gan-an, ó sì ń sáré. Nínú gbogbo àìsàn erìgì, òun ni ìdílé ń hàn nínú rẹ̀ jù: bí a bá rí i lára ọmọ kan, ó yẹ ká wo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ó sì máa ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ.

Kòkòrò kan wà tó máa ń wà nídìí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gùn ju oríkì Ọbaro, ọba Kàbà, lọ: Aggregatibacter actinomycetemcomitans. Oríṣi kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní JP2 máa ń tú oró tó pọ̀ jáde, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbógun tì í. Apá àríwá àti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń rí i jù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Morocco, tó jáde ní 2008, rí i pé ewu àìsàn yìí fi nǹkan bí ìlọ́po 18 pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní oríṣi yẹn lẹ́nu ju àwọn tí kò ní kòkòrò náà rárá lọ.

Ẹ wá wò ó dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni “ó wà nínú ìdílé” ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Itọ́ ni kòkòrò ń bá rìn. Ìyá tó ń jẹ iṣu rọ̀ kó tó fi sẹ́nu ọmọ, ọmọ méjì tó ń pín búrọ́ọ̀ṣì kan, ìyàwó àti ọkọ. Ìdílé kan náà lè pín kòkòrò kan náà láìjẹ́ pé jíìnì ló fún wọn. Ẹnì kan nínú wọn á wá ní ọdẹ oníbọn púpọ̀ yẹn, òun ni eyín rẹ̀ á bọ́. Ó ṣeé ṣe kí Táyé àti Kẹ́hìndé jọ ní kòkòrò kan náà.

Oògùn kẹ́míìsì: lóòótọ́ ni pé àwọn dókítà máa ń lo méjèèjì yẹn pọ̀ fún irú èyí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ abẹ́ erìgì dáadáa, ní ìwọ̀n tó yẹ. Bí ẹ bá lò ó nìkan, kòkòrò á sùn díẹ̀, á jí. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò egungun àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ mú Táyé dání.

MàmáÌbejì_Kàbà
A ń lọ ní ọ̀la. Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn, Bàbá.

Agbẹ̀bí_Mọ̀pà
Bàbá, mo fẹ́ béèrè ohun kan tó ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ọmọ kan wà tí wọ́n máa ń gbé wá, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó le, ó ń sán. Eyín wàrà rẹ̀ bọ́ tán kó tó pé ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní àjẹ́ ni.

Káṣíù_Ìyàrà
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí irú rẹ̀ ní gbogbo ayé iṣẹ́ mi. Papillon-Lefèvre ni wọ́n ń pè é, orúkọ àwọn dókítà Faransé méjì tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1924. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ẹnì kan sí mẹ́rin nínú mílíọ̀nù kan. Èyí ni àjogúnbá tòótọ́ láìsí àríyànjiyàn: jíìnì kan ṣoṣo, CTSC, tí wọ́n mọ̀ ní 1999. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba èyí tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá kó sì gbà á lọ́dọ̀ ìyá, bẹ́ẹ̀ àwọn òbí méjèèjì lè má ní àmì kankan. Ìdí nìyí tó fi ń wọ́pọ̀ jù níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ ìbátan. Àwọn àgbà wa tó ní “ìyẹn ẹ̀jẹ̀ wa ni, o kò lè fẹ́ ẹ”, wọn kò ka ìwé jíìnì.

Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀dọ̀ dókítà eyín àti dókítà awọ ara, kí eyín àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ẹ bá mi gba ọ̀rọ̀ àjẹ́ lẹ́nu wọn.

BàbáPọ̀nyàn
Kí n tó sùn: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń lò, amlodipine, wọ́n ní òun náà ń mú erìgì wú?

Káṣíù_Ìyàrà
Ó lè mú un wú, òun àti nifedipine, pẹ̀lú oògùn wárápá kan tó ń jẹ́ phenytoin. Erìgì á máa hù bo eyín. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o! Ẹ sọ fún dókítà tó kọ ọ́, ó lè pààrọ̀ rẹ̀.

TíṣàÌsánlú
*(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)*
Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Ìlọrin, a gba Ẹ̀gbẹ̀, a gba Òmù-Àrán, ọ̀nà kò ṣeé sọ.

Wọ́n wọn tèmi ní ìdí eyín kọ̀ọ̀kan, ibi mẹ́fà lára eyín kan. Mo ń gbọ́ tí dókítà ń pe nọ́ńbà fún nọ́ọ̀sì: “3, 3, 5, 6.” Mo ti di ọmọ kíláàsì tó ń gbọ́ máàkì rẹ̀. Àpò tó jìn jù jẹ́ 6, níbi èjí òjijì yẹn. Wọ́n fọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ dagun sí ibi tí erìgì ti pàdé eyín, àti bí mo ṣe máa dé ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ ahọ́n. N kò fọ ibẹ̀ rí láyé mi! Wọ́n ní orín kò burú bí mo bá lè fi dé ibẹ̀. Mo ń padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ló yà wá lẹ́nu. Dókítà eyín wo ẹnu rẹ̀, ó bi í bóyá ó máa ń jí lóru lọ tọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ṣúgà ti ga, kò sì mọ̀. Ìgbà náà ni màmá mi, lórí fóònù, wá rántí pé bàbá wa náà ní ìtọ̀ ṣúgà ní ìgbẹ̀yìn ayé wọn. Gbogbo ìgbà tí a ń wí pé eyín ni à ń jogún, a kò béèrè ṣúgà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Àkọ́bí mi, erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ nítorí ìdọ̀tí nìkan, kò sí àpò. Àwọn méjì yòókù, kò sí nǹkan kan.

Káṣíù_Ìyàrà
Ẹ ṣeun tí ẹ padà wá sọ fún wa. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé bí erìgì bá ń ṣàìsàn, ó ń mú kí ṣúgà ṣòro láti wálẹ̀. Bí ṣúgà bá ga, erìgì kì í san. Kí ó jọ tọ́jú méjèèjì. Màmá Ìbejì ńkọ́?

MàmáÌbejì_Kàbà
Wọ́n ti fọ ti Kẹ́hìndé, ó ń lo oògùn. Eyín iwájú kan lè má ṣeé gbà. Ti Táyé, wọ́n rí àpò mílímítà 4 nídìí eyín ńlá ẹ̀yìn kan, kò dùn ún rárá. Wọ́n ní ó dára tí mo mú un wá. Báyìí, òun ló ń pariwo lé mi lórí pé kí n fọ ẹnu.

TíṣàÌsánlú
Ọlọ́run ṣeun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí, ṣé ẹ mọ dókítà eyín kan tó ń wá sí Ìsánlú tàbí Mọ̀pà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Àǹtí mi tó ní ká lọ gbàdúrà ìdáǹdè ló ní kí n béèrè. Ó ní ìbàdí òun kò lè jókòó nínú ọkọ̀ dé Ìlọrin, ṣùgbọ́n pé kí wọ́n ṣáà wá fi irin oní-nọ́ńbà yẹn wọn tòun.